Ẹ Máa Kí Ara Yín Lójú Ọ̀nà



Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó bá pàdé, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí? Ní Òde Rẹ́mọ níhìn-ín, àwọn baba wa kọ́ wa pé ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ kọjá lára ẹnìkejì láìkí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, agogo àti fèrè nìkan ni a mọ̀, kí ọmọnìkejì wa sáà yà fún wa.

Ẹnìkan lè wí pé Olúwa wa kọ̀ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ láti kí ènìyàn lójú ọ̀nà (Lúùkù 10:4). Òtítọ́ ni. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni Ó rán wọn. Ìdádúró ni Ó kọ̀, kì í ṣe ìfẹ́. Nínú orí kan náà ni àlùfáà àti ọmọ Léfì ti rí ẹni tí ọlọ́ṣà lù, tí wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Àjèjì ará Samaríà ni ó dúró.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìpẹru tàbí Ṣàgámù, ẹ má ṣe dúró sọ̀rọ̀ láàrin títì. "Ẹ kú ọ̀nà o" ti tó, ìbáà ṣe fún Mùsùlùmí, ìbáà ṣe fún ẹni tí ẹ ń bá jà. Ẹni tí a bá ń kí ni a ń rí. Ẹni tí a kò rí, bí ó bá ṣubú, ta ni yóò gbé e dìde?

Kí Màríà Mímọ́, ẹni tí ó rin ìrìn-àjò lọ kí Èlísábẹ́tì, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.