Ẹkún Lórí Ẹni tí A Kò Bí Rí

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nínú ilé mi, omi sì ń dà lójú mi. Ọmọ mi obìnrin, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ, wọlé, ó wo ojú mi, ó sì béèrè pé, “Bàbá, ta ni ó kú?” Mo dáhùn pé, “Spock ni.” Ó tún béèrè pé, “Ṣé ará ilé wa ni wọ́n?” Mo ní, “Rárá.” “Ṣé wọ́n ti wá sí ilé wa rí?” Mo ní, “Wọn kò wá rí. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.” Ọmọ náà wò mí títí, ó sì jáde lọ láìsọ ohunkóhun mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àgbàlagbà máa sunkún nítorí ẹni tí a kò bí rí? Bí ó bá sì tọ́, kí ni ẹkún náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó sun ún?

Nítorí ẹ̀yin tí kò mọ ìtàn náà, n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsán, ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi eré kan hàn tí a ń pè ní Star Trek. Gene Roddenberry ni ó dá a sílẹ̀. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni, nígbà tí ọmọ ènìyàn yóò máa wọ ọkọ̀ rìn láàrin àwọn ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọ ọkọ̀ lójú òkun. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Enterprise. Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀. Spock ni igbákejì rẹ̀. McCoy sì ni oníṣègùn. Ìyá Spock jẹ́ ọmọ ayé tiwa yìí, olùkọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ jẹ́ ará Vulcan, ayé mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́ ara wọn láti máa fi làákàyè nìkan ṣe ohun gbogbo, tí wọ́n sì ka ẹkún àti ẹ̀rín sí ohun ìtìjú. Apá 79 ni eré náà ní kí ó tó parí ní ọdún 1969. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣèré kan náà fi ìtàn náà ṣe sinimá.

Ohun ìyanu pọ̀ nínú eré yìí: ọkọ̀ tí ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn láti ibì kan sí ibòmíràn ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í sunkún nítorí ẹ̀rọ. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn ni bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ti ń bá ara wọn gbé. McCoy a máa wí pé Spock kò ní ọkàn. Spock a sì máa dá a lóhùn pé inú oníṣègùn ń ṣíwájú ọgbọ́n rẹ̀. Kirk a gbọ́ ti ọ̀tún, a gbọ́ ti òsì, lẹ́yìn náà a pinnu. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo rò pé ọ̀tá ni Spock àti McCoy. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i pé ahọ́n àti eyín ni wọ́n, tí wọ́n ń jà ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá ṣe pàtàkì lójú wa, a kì í fi ojoojúmọ́ bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá. Èkíní ni èyí tí a fi hàn ní oṣù Kẹsán ọdún 1967. Spock ní láti padà sí Vulcan láti gbéyàwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú. Kirk ṣàìgbọràn sí àṣẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ó lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àfẹ́sọ́nà Spock kọ̀ ọ́, ó sì yan Kirk láti bá a jà, ìjà tí ẹnìkan gbọdọ̀ kú sí. Spock, tí kò lè ṣàkóso ara rẹ̀ mọ́ ní wákàtí náà, rò pé òun ti pa Kirk, ó sì padà sínú ọkọ̀ láti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìdájọ́. Kò mọ̀ pé McCoy ti gún Kirk ní abẹ́rẹ́ tí ó mú un dàbí òkú. Bí ó ti rí Kirk láàyè, ó pariwo orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì di í mú. Lójú kan náà ni ó rántí ara rẹ̀, tí ó sì mú ojú le. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí Spock kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Èkejì, ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, a rí Spock pẹ̀lú baba rẹ̀, Sarek. Ọdún 18 ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí baba àti ọmọ, nítorí pé ọmọ yan iṣẹ́ tí baba kò fẹ́. Àìsàn ọkàn kọlu Sarek nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ Spock nìkan ni ó sì lè gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti gún Kirk ní ọ̀bẹ, àkóso ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ Spock. Nítorí náà ó kọ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó gbá a létí, kò gbà. Kirk ni ó dìde lórí ibùsùn àìsàn, tí ó ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí ọmọ lè lọ fún baba rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó pa ojú mi pọ̀ mọ́ omi. Nínú sinimá ọdún 1982, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Spock wọ inú yàrá tí ìtànṣán aṣekúpani kún, ó tún ẹ̀rọ ṣe, ọkọ̀ sì là. Nígbà tí Kirk sáré dé, dígí ti wà láàrin wọn, ẹnìkan kò sì lè fọwọ́ kan ẹnìkejì. Spock gbé ọwọ́ lé dígí níhìn-ín, Kirk gbé tirẹ̀ lé e lọ́hùn-ún. Báyìí ni Spock kú. Ó ti rò ó pé ohun tí ó dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀wọ̀n ju ti ẹnìkan lọ. Ṣùgbọ́n ní sinimá tí ó tẹ̀lé e, ọdún 1984, ni a rí i pé kí ó tó wọ yàrá náà, inú McCoy ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́ sí, ẹni tí ó ń bá a jiyàn lójoojúmọ́! Kirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí ọkọ̀ gbé láti lọ gbà á padà. Lọ́nà ibẹ̀ ni a ti pa ọmọ Kirk, tí Kirk sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ run ọkọ̀ rẹ̀.

Ta ni ó ṣe rere nínú àwọn méjèèjì? Spock fi ẹnìkan rúbọ fún ọ̀pọ̀; Kirk fi ọ̀pọ̀ wewu nítorí ẹnìkan. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò takora. Ènìyàn lè fi ara rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí ó sì wí pé, “Èmi kéré sí gbogbo yín.” Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí àwọn tí ó kù fi í síbẹ̀, kí wọ́n sì wí pé, “Lóòótọ́, o kéré.” Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fẹ́ kú ni ti àkọ́kọ́, ojúṣe ọ̀rẹ́ ni láti kọ ti èkejì.

Ẹnìkan lè wí pé, “Irọ́ ni gbogbo èyí.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òpùrọ́ ń fẹ́ kí a gba òun gbọ́; apàlọ́ ti sọ fún wa pé àlọ́ ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó rò pé Ìjàpá fi ẹnu sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ojúkòkòrò kò dára. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ayé, a kì í rí inú ẹnìkejì wa. Nínú ìtàn, a ń rí inú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹkún fi yá níbẹ̀. Ìtàn sì lè so èso tí a ń fi ọwọ́ kàn. Nichelle Nichols, obìnrin adúláwọ̀, ni ó ṣe Uhura nínú eré náà, orúkọ tí ó ti inú èdè Swahili wá, tí ó jẹ mọ́ òmìnira. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé Martin Luther King rọ òun kí òun dúró, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rí obìnrin adúláwọ̀ tí ó bá àwọn mìíràn dọ́gba lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1992, Mae Jemison di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí òfuurufú, ó sì jẹ́rìí pé Uhura jẹ́ àwòkọ́ṣe fún òun.

Síbẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Leonard Nimoy, tí ó ṣe Spock, kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2015. William Shatner, tí ó ṣe Kirk, kọ ìwé lórí ọ̀rẹ́ wọn ní ọdún kejì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kí Nimoy tó kú, ó ti dẹ́kun láti máa bá òun sọ̀rọ̀, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rántí dígí ọdún 1982. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rẹ́ ṣíṣe han gbogbo ayé kò bọ́ lọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí ń bọ́ sáàrin ọ̀rẹ́ méjì. Bí àwọn tí ó ṣe eré náà kò bá bọ́, báwo ni èmi tí mo kàn ń wò ó yóò ṣe bọ́?

Èmi pẹ̀lú ní ọ̀rẹ́ kan. A jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni, a sì jọ jẹun nínú àwo kan. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo sọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí i nínú ìwé ara mi pé èmi ni mo ṣì í kà. Mo pa ìwé náà dé, mo sì dákẹ́. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí tèmi. Ojú mi gbẹ fún un ní gbogbo ọdún mẹ́rin náà, mo sì ní omijé fún ará Vulcan! Ohun tí ìbéèrè ọmọ mi ṣí payá fún mi nìyẹn. Ẹkún lórí ẹni tí kò sí kì í ná wa ní nǹkan kan: kò ní bá wa wí, kò ní tì wá jáde, a kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo lọ. Mo bá a tí ó ń tu koríko níwájú ilé rẹ̀. Mo wí pé, “Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo ṣi owó yẹn kà.” Ó tu koríko díẹ̀ sí i, ó sì wí pé, “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Jókòó.” Èmi kò sọ pé ohun gbogbo ti padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ìkòkò tí ó bá fọ́, a máa ní ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi béèrè pé, “Bàbá, ilé ta ni ẹ lọ?” Mo ní, “Ilé ọ̀rẹ́ mi.” Ó ní, “Ṣé àwọn yìí wà láyé?” Mo ní, “Wọ́n wà, a dúpẹ́.”

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ń sunkún nídìí ìtàn ṣe ẹlẹ́yà. Ọkàn rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá nu ojú rẹ̀ tán, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó jẹ ní ọ̀rọ̀ kan nínú àwọn alààyè, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tètè lọ sọ ọ́.