Omi Inú Ẹmu: Ǹjẹ́ Irọ́ Tí Ó Dùn Lẹ́nu Pa Ẹnikẹ́ni Lára?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí kìlọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn ń jẹ àti ohun tí ó ń mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni, ọ̀rọ̀ ìwà sì ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń jíròrò lórí ìwà, ọ̀rọ̀ olè, ọ̀rọ̀ àgbèrè àti ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ni wọ́n sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Wọn kì í sábà bèèrè bóyá ẹnu tí ń tọ́ nǹkan wò ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ìbéèrè náà ni àròkọ yìí dá lé lórí, ẹmu ni yóò sì fi ṣe òdiwọ̀n.

Ìrókò jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn gba Mọ́níyà kọjá lọ sí Fìdítì àti Ọ̀yọ́. Ká gbà pé ìsìnkú àgbà kan ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Àmàlà ti délẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti pàdé nínú àwo, ọ̀dọ́mọkùnrin adẹ́mu kan sì gbé agbè mẹ́ta wọlé. Bàbá arúgbó kan tí òun náà ti fi igbà gun ọ̀pẹ nígbà èwe rẹ̀ gba ahá, ó bu ẹmu sẹ́nu, ó dá a dúró díẹ̀ lórí ahọ́n kí ó tó gbé e mì. Ó gbé ahá kalẹ̀, ó ní: ‘Ọmọ mi, kànga wo ni o gbà kọjá?’

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: ‘Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Àwọn tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà ti mu agbè kan tán, wọ́n sì ní ó dùn. Bí mo bá gbé ojúlówó rẹ̀ wá, wọn a ní ó ti kan jù. Inú kò run ẹnikẹ́ni, owó tí mo gbà kò sì pọ̀. Ta ni mo wá ṣe ní ibi?’

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹni tí ó bá yára pè é ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni kò tíì rò ó dé ìsàlẹ̀. Omi kì í ṣe májèlé. Súgà tí a bù sí ẹmu kí omi inú rẹ̀ má baà hàn kì í ṣe májèlé pẹ̀lú. Ẹni tí ó mu ún gbádùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé adùn ni ènìyàn ń wá nínú ẹmu, tí ó sì rí adùn, kí ni ó kù tí a lè sọ pé wọ́n jà á lólè rẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò ni ohun tí ẹmu jẹ́ gan-an. Omi ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú agbè dùn bí oyin, nítorí súgà tí igi fúnra rẹ̀ ṣe ni ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ń kán ni ìwúkàrà tí ojú kò lè rí, èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè, ti ń sọ súgà náà di ọtí. Ìdí nìyí tí ẹmu fi ń hó yaya tí ìfófòó sì ń bo ẹnu agbè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, adùn rẹ̀ ti dín kù, agbára rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Bí ó bá tún pẹ́ sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó di kíkan, ọ̀nà àti di ọtí kíkan pátápátá ni ó sì gbà yẹn. Nítorí náà, ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu ìrọ̀lẹ́. Ẹmu ọ̀pẹ kì í sì í ṣe ògùrọ̀ tí wọ́n ń dá lára igi inú àbàtà. Ẹnu tí ó bá mọ ẹmu lè sọ irú igi tí ó ti wá, àkókò tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àti bóyá ẹni tí ó dá a fọ agbè rẹ̀ mọ́. Ìtọ́wò, bí a bá wò ó báyìí, kì í ṣe ìgbádùn lásán. Ìmọ̀ ni. Ahọ́n ń ka ìtàn ẹmu gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ka ìwé.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ àwọn ènìyàn lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Ítálì, agbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ní wáìnì funfun tirẹ̀. Soave wà fún agbègbè Veneto, Verdicchio wà fún Marche, Frascati sì wà fún àwọn òkè tí ó wà lẹ́bàá Róòmù. Àwọn ìlú kéékèèké ibẹ̀ a sì máa ṣe àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní sagra, tí wọ́n fi ń yẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu kan tí ìlú wọn gbé lárugẹ sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe ọdún ìjẹṣu. Ní ọdún 1963 ni ìjọba ilẹ̀ náà ṣe òfin pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pe wáìnì ní orúkọ ìlú kan àfi bí èso àjàrà inú rẹ̀ bá ti ilẹ̀ ibẹ̀ wá, tí wọ́n sì ṣe é ní ọ̀nà tí a là sílẹ̀. Ní ọdún 1966 ni wáìnì funfun ìlú San Gimignano, tí wọ́n ń pè ní Vernaccia, gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin yìí ń dáàbò bò kì í ṣe adùn. Wáìnì láti ibòmíràn lè dùn jù ú lọ. Orúkọ ni òfin náà ń dáàbò bò, nítorí pé ẹ̀jẹ́ ni orúkọ jẹ́ láàrin ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní ọdún 1986, ní ilẹ̀ Ítálì yìí kan náà, àwọn kan bu ọtí olóró tí ń jẹ́ mẹ́táńọ́ọ̀lù sí wáìnì kí ó lè múná. Ènìyàn tí ó lé ní 20 ni ó kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ikú òjijì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, afọ́jú sì bá àwọn mìíràn kí wọ́n tó kú. Oró mẹ́táńọ́ọ̀lù kan náà tí ó wà nínú ògógóró ni ìwádìí fi hàn pé ó fa á. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà jìn láti omi kànga dé mẹ́táńọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni; ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba rárá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. Ilẹ̀kùn náà ni pé kí ẹni tí ń tà mọ ohun tí ó wà nínú agbè, kí ẹni tí ń mu má sì mọ̀ ọ́n.

Nísinsin yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọkùnrin náà lè bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kì í ṣe àbùlà ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé, ‘Ẹmu olómi àti súgà rèé, iye báyìí ni mò ń tà á,’ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ẹmu inú ìgò, irú èyí tí àwọn oníwádìí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1939 lẹ́bàá ìlú Bìní, ṣe. Iná ni wọ́n fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí ó má baà kan. Kì í ṣe bákan náà ni òun àti ẹmu abẹ́ ọ̀pẹ rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ pe ohun tí kò jẹ́. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni ibi tí orúkọ àti ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti pínyà.

Ọmọkùnrin náà lè dáhùn pé òun kò purọ́. Kò sí ẹni tí ó bi òun bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ìtàn Ògún ní Ìrè-Èkìtì fèsì fún un. Ìtàn sọ pé Ògún ń ti ogun bọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ará Ìrè ní ibi àpèjọ tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Agbè ẹmu tò lọ bẹẹrẹ. Ó gbé èkíní, òfìfo ni. Ó gbé èkejì, òfìfo ni. Kò sì sí ẹni tí ó la ẹnu sí i. Inú bí i, ó sì yọ idà. Ìpànìyàn tí Ògún ṣe kò tọ́. Ìtàn fúnra rẹ̀ sọ pé ó kábàámọ̀ rẹ̀ títí tí ó fi wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: agbè tí ó dúró ní ìdúró agbè tí ó kún ti sọ̀rọ̀, bí ọmọ ènìyàn tilẹ̀ dákẹ́. Ẹni tí ó gbé agbè ẹmu wọ àárín àwùjọ ti sọ pé, ‘Ẹmu rèé.’

Èkejì, adùn èké kì í dúró ní àyè ara rẹ̀. Ẹnu tí ẹmu olómi àti súgà bá ti mọ́ lára yóò kọ ojúlówó nígbà tí ó bá dé, yóò sì ní ó ti kan jù. Òótọ́ ni ọmọkùnrin náà sọ nípa àwọn tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó bà wọ́n lẹ́nu jẹ́? Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Èso ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó mú wá ṣe àwíjàre ẹ̀ṣẹ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí ayédèrú owó ti ń lé ojúlówó kúrò lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹmu èké ń lé ẹmu òtítọ́ kúrò láwùjọ. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń mu ún kì í ṣe adùn. Ìmọ̀ ahọ́n wọn ni.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lórí adẹ́mu nìkan. Yorùbá náà ni ó sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ènìyàn fi igbà kọ́ ìbàdí, ó gun igi tí ó ga ju ilé lọ, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí igbà bá já, ẹ̀mí lè bá a lọ. Bí àwọn tí ń rà á bá ń du owó rẹ̀ bí ẹni ń ra omi òjò, ṣé kì í ṣe àwọn náà ni wọ́n ń kọ́ ọ láti pọn omi sí i? Nínú ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní ọdún 1952, ìgbà tí adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ tí ó sì kú ni ọ̀mùtí tó mọ ohun tí ó ní. Òkú ọ̀run ni ó wá a lọ. Àìmọrírì ẹni tí ń ṣe nǹkan ni ó ń sọ irọ́ di ọjà tí ó tà. Nítorí náà, kíkọ́ ẹnu láti mọ ohun tí ó dára kì í ṣe fàájì àwọn olówó. Ojúṣe ni.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó mọ adùn tún gbọdọ̀ ṣọ́ra fún ewu méjì. Ewu kan ni àmujù: ìtàn sọ pé ẹmu ni ó mú kí Ọbàtálá sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ ńlá tí a rán an, ìdí sì nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ún. Ewu kejì ni ìgbéraga. Àwọn ará Ìbàdàn fi èso òro àti ìgbín ṣe oríkì ara wọn, oúnjẹ tí àwọn baba ńlá wọn jẹ lórí òkè nígbà ìpọ́njú. Kò sí ohun tí ó rẹlẹ̀ tó èyí, síbẹ̀ wọn kò fi orúkọ ẹran àgbò bò ó mọ́lẹ̀. Òtítọ́ nípa oúnjẹ ni iyì wọn.

Àṣà kan wà tí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí já. Ẹni tí ó bá gbé ẹmu wá ni ó kọ́kọ́ ń mu nínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹ̀rù májèlé nìkan ni ó fa àṣà náà. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìwà ni: má ṣe fún ẹlòmíràn ní ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò ní mu.

Bàbá arúgbó inú àpẹẹrẹ yìí kò pariwo, kò sì dójú ti ọmọkùnrin náà láàrin èrò. Ó rọra bi í pé: ‘Èwo ni o máa ń mu nílé?’ Ọmọkùnrin náà wolẹ̀, kò fèsì. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gbé agbè kékeré kan tí ó ti pamọ́ fún ara rẹ̀ wá. Ó kọ́kọ́ mu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ahá fún bàbá. Bàbá mu ún, ó sì san owó agbè ńlá fún un. Wọ́n gbé ìyókù lọ sábẹ́ àtíbàbà. Àwọn kan ní ó ti kan jù. Àwọn méjì ní kí wọ́n tún bu sí i fún àwọn.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ kí ó tó bèèrè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní pa agbè kékeré mọ́.