Ojú Tó Ń Ṣọ́ni, Ẹsẹ̀ Tó Máa Sáré

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, èmi àtàwọn aláìsàn tí mò ń ṣọ́ lóru kì í sí lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọsibítù oríṣiríṣi ni wọ́n wà. Bí ọkàn wọn ṣe ń lù, bí wọ́n ṣe ń mí, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé sójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi. Mo lè tan kámẹ́rà kí n wo ojú aláìsàn, mo lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dì í lọ́wọ́ mú.

Brian Rosenfeld àti Michael Breslow, àwọn dókítà méjì láti Johns Hopkins, ló dá irú ètò yìí sílẹ̀. Ọdún 2000 ni àwọn ọsibítù Sentara ní Norfolk, Virginia, kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ọsibítù Emory ní Atlanta, Georgia, tiẹ̀ rán dókítà àti nọ́ọ̀sì wọn lọ sí Australia, kó lè jẹ́ pé ojú ọ̀sán ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn Georgia lóru. Mo fara mọ́ ọn. Ọsibítù ìgbèríko tí kò ní dókítà ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) lóru, oore ńlá ni wọ́n ṣe é.

Síbẹ̀ ìbéèrè kan kò fi ọkàn mi sílẹ̀: ta la lè sọ pé ó ń ṣọ́ ènìyàn? Mùsùlùmí ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé Ọlọ́run nìkan ni oorun kì í kùn. Bí mo bá jókòó síwájú gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn lóru, ó rọrùn láti rò pé ọmọ aráyé ti ṣe ojú tó jọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí gbogbo ẹ̀dá, kò sì jìnnà sí ẹyọ kan nínú wọn. Ní tiwa, bí àwọn tí à ń wò bá ṣe ń pọ̀ sí i la ṣe ń jìnnà sí wọn sí i.

Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn níka ọkùnrin adúláwọ̀ kan ń kà 94. Áláàmù kò dún, torí kò sí ìdí tó fi máa dún. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í ló sọ fún nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pé, “Ọkọ mi kì í mí báyìí.” Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: ọ́síjìn rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 85. Ìwádìí tí Michael Sjoding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Michigan lọ́dún 2020 fi hàn pé irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí adúláwọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Obìnrin yẹn kò ka ìwádìí kankan. Ó mọ ọkọ rẹ̀ ni.

Áláàmù tó ń dún jù náà wà. Lọ́dún 2013, Joint Commission, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ ọsibítù wò ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé nínú áláàmù 100, láti 85 títí dé 99 ni kò bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Etí á wá mọ́ ọn lára. Lójú tèmi, ẹni tó bá rí ìnira ọmọnìkejì ti jẹ gbèsè, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń san án. Bí èmi bá rí ìnira ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn, tí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sì wà lọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn, a ti wo ẹni tó wà nínú ìnira náà, a ò tíì ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò yìí, kí ẹ tó fi bẹ́ẹ̀dì kan kún un, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò sáré dé ìdí rẹ̀ sílẹ̀, àti ti ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn níbẹ̀, ẹ má torí kámẹ́rà fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mímí rẹ̀ yí padà, ẹ pe nọ́ọ̀sì, kódà bí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ bá dára.