Ìwé Ìfẹ́ Tí A Ti Mọ Ìparí Rẹ̀

Ọmọbìnrin tálákà pàdé ọkùnrin olówó. Wọ́n kọ́kọ́ kórìíra ara wọn, wọ́n jà, wọ́n túká. Kí ìwé tó parí, wọ́n ti dì mọ́ra. Ó tán. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ lọ sílé-ìwé láàárín 1975 sí 1990, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí lọ́dọ̀ wa ní Ṣakí, ẹ mọ ìwé tí mò ń wí. Mills and Boon ni, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908. Nígbà tí Macmillan sì bẹ̀rẹ̀ Pacesetters ní 1977, ìfẹ́ inú ìwé wá di ti aláwọ̀ dúdú: Evbu My Love tí Helen Ovbiagele kọ jáde ní 1980.

Ẹnu ò tíì kò lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ní ìwé ìrànù ni. Àwọn kan ní òun làwọn fi mọ Gẹ̀ẹ́sì í kà. Tísà ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ ní kíláàsì, tísà náà ń lọ kà á nílé! Ta ló wá jàre?

Ẹ̀sùn kìíní ni pé gbogbo wọn jọra. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dé Ìṣẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì. Ẹtù kì í yé jẹ́ ẹtù: aró dúdú, ìlà funfun tín-ín-rín láàárín. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ahunṣọ pé, "Ṣebí èyí tí mo rí léṣìí náà rèé?" Òwú là ń wò, ọwọ́ tó hun ún là ń wò. Àlọ́ ńkọ́? Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé ọwọ́ á tẹ Ìjàpá, síbẹ̀ wọ́n ń gbe orin.

Ẹ̀sùn kejì ló le: pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dáná sun ìwé ìfẹ́ tí wọ́n fi èdè Hausa kọ, ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tó ń kọ irú ìwé yẹn ni Balaraba Ramat Yakubu. Nínú Alhaki Kuykuyo Ne, tó jáde ní 1990, ọkọ olówó lé ìyàwó àtọmọ mẹ́sàn-án síta nítorí ìyàwó tuntun. Oúnjẹ ni ìyá náà ń tà tó fi ń bọ́ wọn. Ṣé ọmọ tó ka èyí ló máa bàjẹ́, àbí ojú rẹ̀ á là? Iná ò mọ ìwé tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí ò dáa.

Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ dá gbogbo wọn láre o. Òwú míì ti jẹrà kí wọ́n tó fi hun aṣọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó àtijọ́ wọ̀nyẹn, ọkùnrin á jágbe mọ́ obìnrin, á fà á lápá; obìnrin á ní òun ò fẹ́, ìwé á ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n á pe ìyẹn ní ìfẹ́. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ṣakí, tó bá gba èyí gbọ́, lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá gbá a létí, á ní ìfẹ́ ló ń gùn ún. Ibẹ̀ ni ewu wà, kì í ṣe pé ìparí dùn.

Ta ló sì yẹ kó sọ fún un? Láyé àtijọ́, alárinà wà. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, wọ́n á ti wádìí ilé: ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Ṣé àrùn kan ò sí nínú ìran wọn? Báwo lọmọ yẹn ṣe ń ṣe bínú bá bí i? Lónìí, bàbá ní, "Ìwé ẹ ni kó o kà," ìyá ní òun ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí àgbà dákẹ́, ìwé di alárinà. Alárinà tí kì í wádìí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ má já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í ní ohun tí alárinà ì bá bi: Ọkùnrin inú ìwé yìí, tínú bá bí i, kí ló ń ṣe? Bí owó rẹ̀ bá tán lọ́la, kí ló kù lára ẹ̀? Bí obìnrin bá ní "rárá," ṣé ó ń gbọ́? Ọmọ tó bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa gbádùn ìwé ẹ̀ lọ. Kò sóhun tó burú nínú kí ìfẹ́ yọrí sí rere. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ìfẹ́ ni.