Òṣùwọ̀n Títọ́, Ọwọ́ Wíwọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní arúgbó ṣoge rí, àkísà sì lògbà rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ owó bàbà alásẹ́ǹtì kan, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Philadelphia rọ láàárín ọdún 1793 sí 1857. Ó tóbi lójú, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kéré, nítorí 100 irú rẹ̀ ni ó pé dọ́là kan. Lónìí, kò sẹ́ni tí í ná an lọ́jà mọ́, síbẹ̀ àwọn olùkójọ ń wá a bí ẹni ń wá wúrà.

Kí olùkójọ tó ra irú owó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ipò tí ó wà. Ǹjẹ́ irun orí obìnrin tí í ṣe àmì Òmìnira ṣì hàn lára rẹ̀? Ǹjẹ́ ọdún tí a kọ sí i ṣe é kà? Ǹjẹ́ ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ ẹ́? Ǹjẹ́ ẹnìkan ti fi nǹkan kíkan bó o kí ó lè máa dán? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí burú púpọ̀, nítorí àwọ̀ tí ọjọ́ pípẹ́ fi wọ bàbà, ọṣẹ kò lè dá a padà.

Ní ọdún 1949, William H. Sheldon, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn owó wọ̀nyí. Nínú rẹ̀ ni ó ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀: 1 ni ti owó tí ó gbó tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni a fi dá a mọ̀, 70 ni ti èyí tí kò ní àbùkù kankan. Títí di òní ni àwọn olùkójọ ń lo òṣùwọ̀n náà.

Sheldon kú ní ọdún 1977. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ó ti mú àwọn sẹ́ǹtì tí ó dára nínú àkójọ American Numismatic Society ní New York, ó sì fi èyí tí kò tó wọn rọ́pò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ní California ní àwọn ọdún 1990. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí a máa lo òṣùwọ̀n tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Àwọn kan yóò ní kò yẹ, pé omi tí ó ti orísun ẹlẹ́gbin wá kò ṣe é mu. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í ṣe omi. Bí kò bá sí ọ̀nà láti mọ owó tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára tó o, ta ni ìbá mọ̀ pé a ti rẹ́ ẹgbẹ́ náà jẹ? Irú ìmọ̀ tí ó fi mọ èyí tí yóò mú, òun náà ni a fi dá a lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìmọ̀ kì í ṣe ìwà. Olùkọ́ lè mọ bí a ti í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì láìṣì, kí ó sì tún ta máàkì fún ẹni tí kò tọ́ sí. A kò ní torí rẹ̀ pa ìdánwò rẹ́. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n àti ẹrù sílẹ̀ sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo láìsí ẹlẹ́rìí, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó.