Ìjà Orogún Nínú Láàbù

Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín níwájú, lábẹ́ gògóńgò. Ibẹ̀ ni thyroid wà, ibẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Òun ló ń pinnu bí ara ṣe máa yára lo oúnjẹ tí a jẹ. Kì í dá pàṣẹ fún ara rẹ̀ o. Pituitary, ohun kékeré bí ẹ̀wà tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, ló ń fi họ́mónù TSH ránṣẹ́ sí i pé kó ṣiṣẹ́. Tí họ́mónù thyroid bá wá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, pituitary á dín TSH kù.

Ta wá ni ọ̀gá pituitary? Geoffrey Harris, ará England, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé hypothalamus, apá ọpọlọ tó wà lókè rẹ̀, ló ń fi kẹ́míkà darí rẹ̀. Kẹ́míkà ọ̀hún ni ẹnikẹ́ni ò rí mú. Roger Guillemin, ọmọ Faransé, àti Andrew Schally, tí wọ́n bí ní Poland, jọ wá a ní Houston láti 1957. Ní 1962, Schally kó lọ sí New Orleans, àjọṣe sì di ìjà. Ẹ mọ bí ilé olórogún ṣe máa ń rí: tí ìyáálé bá se ẹ̀fọ́, ìyàwó á se ẹ̀gúsí. Guillemin ń kó ọpọlọ àgùntàn jọ, Schally ń kó ti ẹlẹ́dẹ̀.

Àgùntàn tí wọ́n kó ọpọlọ wọn fún Guillemin tó mílíọ̀nù 5. Mílígírámù la fi ń ka ohun tó rí níbẹ̀. Àwọn tó ń fún wọn lówó ní Amẹ́ríkà ti ń rò ó pé bóyá òfo ni wọ́n ń lé kiri. Àfi bó ṣe di 1969 tí ìhà méjèèjì kéde ohun kan náà: amino acid 3 péré ló so pọ̀ di kẹ́míkà náà, tí à ń pè ní TRH.

Ṣé ká wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjà yẹn? Àwọn kan ní ìdíje ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Èmi ò rí ti yíyá yẹn rò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀rí ni mo rí rò. Tí ọ̀rẹ́ ẹni bá yẹ kóòdù ẹni wò, ìṣẹ́jú kan, á ní "ó dáa, gbé e lọ." Ẹni tí inú ẹ̀ á dùn tí a bá kùnà ló máa ń wò ó délẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé òótọ́ ni, ó ṣòro láti jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Nobel tí àwọn méjèèjì gbà ní 1977, ìdajì péré ni wọ́n pín. (Roger Burgus ní láàbù Guillemin àti Karl Folkers tó bá Schally ṣiṣẹ́, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tó tú TRH palẹ̀, kò sí orúkọ wọn níbẹ̀. Ó ń dùn mí fún wọn.) Rosalyn Yalow ló gba ìdajì kejì. Òun àti Solomon Berson ló jọ wá ọ̀nà tí a fi ń wọn họ́mónù tó kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn ò gba ìwé àṣẹ kankan tí ì bá jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ lò ó sanwó fún wọn. Nígbà tí Berson kú ní 1972, Yalow fi orúkọ rẹ̀ sọ láàbù, kó lè máa wà lórí iṣẹ́ tó bá ń jáde níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ rí òtítọ́ sọnù. Ta ló wá ń yẹ̀ wọ́n wò? Ní 1955, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn kan dá iṣẹ́ wọn padà, wọn ò gbà pé insulin lè mú kí ara ṣe antibody. Ó di kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ antibody kúrò nínú àkọlé kó tó jáde. Olóòtú yẹn kì í ṣe orogún wọn, kò bá wọn ṣọ̀tá fún ogún ọdún. Kò kàn tètè gbà ni. Lójú tèmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó.

Yalow ò gbàgbé o. Nígbà tó gba Nobel, ó mú lẹ́tà tí wọ́n fi dá wọn padà, ó fi sínú àsọyé rẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.