Iṣẹ́ Ìyá Tí Ìwé Kò Mọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ń tọ́jú ìwé ìjọ, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin kan kò ní iṣẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń bọ́ ilé, ṣé ohun kékeré ni èyí, tàbí ẹ̀rí èké ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Títí di òní ni a ń tà adìrẹ ní Ìtòkú, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Obìnrin kan a máa fi ìko di aṣọ; òmíràn a máa fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi láfún ṣe; aláró a rẹ ẹ́; ẹlòmíràn a sì gbé e lọ sí ọjà. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, aláró ní láti gún ewé èlú, kí ó sá a, kí ó sẹ́ omi eérú, kí ó sì dúró ní ọjọ́ púpọ̀ kí ìkòkò aró tó pé. Bí ó bá ṣì í ṣe, aró bàjẹ́, owó sì ṣègbé. Ta ni yóò wí pé èyí kì í ṣe iṣẹ́?

Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ aláró ní iṣẹ́ bàbá rẹ̀, yóò dáhùn kíákíá pé àgbẹ̀ ni. Bí a bá bi í ní ti ìyá rẹ̀, a wí pé, “Kò ṣe nǹkan kan, ilé ni ó wà.” Ìkòkò aró náà ni ó san owó ìwé rẹ̀! Ọmọ náà kò sì dá ọ̀rọ̀ yìí sọ. Lẹ́nu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ ọ. Àdúgbò ń pe obìnrin náà ní Ìyá Aláró, ṣùgbọ́n ìwé ń pè é ní aláìníṣẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé aláró kò ní ọ̀gá, kò sì gba owó oṣù bí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́. Nítorí náà a kò lè kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ó dára. Ta ni ń san owó oṣù fún àgbẹ̀? Òṣùwọ̀n méjì ni a fi ń wọn ọkọ àti aya nínú ilé kan náà, Ìwé Mímọ́ sì ti sọ fún wa bí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti rí lójú Ọlọ́run.

Ẹ tún wo èyí. Nígbà tí owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, a bu owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún obìnrin. A kò fi í sábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbowó, ìjọba mọ̀ dájú pé obìnrin ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò fún wọn ní àyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi dìde ní 1947, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ní iwájú wọn. Ẹni tí a mọ̀ nígbà tí a ń gba owó, kò tọ́ kí a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a ń kọ ìwé.

Àṣà àtijọ́ ni ìgbàgbé yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1837 ni ìwé ìgbéyàwó ti ń bèèrè orúkọ àti iṣẹ́ bàbá. Kò bèèrè ti ìyá títí di 2021. Ṣùgbọ́n Lúùkù mímọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ ti Lídíà ní Fílípì, ó sọ pé aṣọ elésè-àlùkò ni ó ń tà, kí ó tó sọ bí Olúwa ti ṣí ọkàn rẹ̀. Kò sọ ti bàbá rẹ̀, kò sì sọ ti ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n.

Ẹlòmíràn lè wí pé, Ọlọ́run mọ iṣẹ́ olúkúlùkù, kí ni ìwé yóò fi kún un? Lóòótọ́, Ọlọ́run kò nílò ìwé wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí Ọlọ́run lè mọ òtítọ́ ni Ó fi kọ ẹ̀rí èké fún wa. Nítorí ọmọnìkejì wa ni. Nígbà tí ọkọ bá kú, tí àwọn ẹbí péjọ láti pín ogún, ta ni yóò jẹ́rìí pé owó aró ni a fi ra páànù tí ó bo ilé náà? Obìnrin tí a ti kọ ní aláìníṣẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò bá dúró níwájú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kálámù wà lọ́wọ́ yín, ẹ bèèrè iṣẹ́ ìyá bí ẹ ti ń bèèrè ti bàbá. Bí ìwé kò bá ní àyè fún un, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé. Bí ó bá jẹ́ aláró, ẹ kọ aláró. Bí ó bá jẹ́ alákàrà, ẹ kọ alákàrà, láìtijú. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọwọ́ tí ń kọ òtítọ́. Àmín.